Ìyá Ọkọ Mi àti Òfin Ìmọ́tótó

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá orí fóònù mi kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù ní Ore, àwọn ará àdúgbò sì máa ń ní kí n bá àwọn ka ìwé tí ìjọba bá kó wá. Ẹ̀rọ náà á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, èmi á fi wé ìwé gan-an, torí ó máa ń ṣì í sọ nígbà mìíràn. Bí mo bá ti ń ka òfin ní èdè wa báyìí, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí.

Ayé ìjọba ológun ni nígbà náà, nǹkan le. Èmi ni mo ń tẹ̀wé ní káńsù. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lò la fi ń tẹ̀wé, torí kò sí tuntun. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ìyá ní Ajue, Aládùúrà paraku. Láàárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde, ó sin aboyún tó ń rọbí lọ sí ọsibítù. Wọlé-wọlé dá ọkọ̀ wọn dúró. Ó ní kí wọ́n máa gbé aboyún lọ, ṣùgbọ́n ìyá ò rọbí ní tirẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sí káńsù. Nígbà tí ìmọ́tótó parí tí mo débẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni mo bá a, ó rọra ń kọrin.

"Ìyá, ẹ ò ṣàlàyé fún wọn ni?"

"Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ò sì gbọ́ òyìnbó."

Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ òfin náà! Mo yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi han wọlé-wọlé: aláìsàn àti ẹni tó ń sìn ín lè jáde lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú, Mama," ó wí. "Èmi náà ò kà á délẹ̀ rí."

Ìyá ò dìde.

"Ìyàwó mi, ìgbà wo lo ti tẹ nǹkan yìí?"

"Ó tó oṣù mẹ́fà, mà."

"O sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀."

Ojú tì mí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo tẹ òfin náà ní Yorùbá. Ìyá ni mo kọ́kọ́ kà á fún. Bí mo bá ti lo ọ̀rọ̀ ńlá, á dá mi dúró: "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé wa?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un tẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ajue àti Omifunfun.

Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Ní ìmọ́tótó tó tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń kà á lórí fún wọlé-wọlé ọjọ́sí, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó ní kí ìyá tún ìlà kejì kà fún òun.