Ìka tí Asahel Burdick Gé

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Corley kò kọjá àfonífojì kan ṣoṣo. Èédú ni wọ́n ń kó láti Pell wá sí Corley, ní Pẹnsilféníà, wọn a sì máa pe ara wọn ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo fi ìka méjì sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí a ṣe ń so ọkọ̀ èédú mọ́ra nìyí: o ó dúró sáàárín méjì bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá kan ara wọn, o ó ki ọ̀pá irin bọ ihò, o ó sì yọ ọwọ́. Ẹni tí kò bá tètè yọ ọ́, ìka rẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí náà, tí ènìyàn bá wá wáṣẹ́, Mullaney, ọ̀gá wa, kì í bi í ní nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá pé, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà rí.

Asahel Burdick, ọmọ olóko, ń wá Lovina Teal fẹ́. Bàbá Lovina ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tó ń fún wàrà màlúù. Òṣìṣẹ́ ojú irin lòun ń fẹ́. Asahel wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mullaney wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó pé. Padà sídìí màlúù rẹ."

Ó padà sílé, ó gbé ọwọ́ òsì lé ìtì igi, ó fi àáké gé ìka tó kéré jù. Nígbà tó jinná, ó tún dé.

"Ọwọ́ wo lo fi ń ki irin?" Mullaney bi í.

"Ọ̀tún ni, ọ̀gá."

"Kí wá ni tòsì lọ wá níbẹ̀? Ọkọ̀ a máa rún ìka ni, ọmọ olóko. Kì í gé e bí ẹní gé kárọ́ọ̀tì."

A rẹ́rìn-ín. Asahel ń wo bàtà rẹ̀.

Mullaney yíjú sí mi. "Gbà á síṣẹ́. Ẹni tó lè ṣe ara rẹ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní yọ wá lẹ́nu."

Irú ènìyàn tí ilé-iṣẹ́ náà ń wá gan-an nìyẹn.

Asahel dé fìlà ilé-iṣẹ́, ó kọrí sílé Teal. Lovina fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Gbogbo Corley ti gbọ́ nípa àáké.

"Burdick," ó ní, "tí mo bá wá sọ pé n ò fẹ́ imú rẹ ńkọ́?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà wó. Wọ́n hú irin rẹ̀ tà. Asahel padà sídìí màlúù. Bí àlejò bá wọ ilé ọtí, Asahel á na ọwọ́ òsì sí i, á ní ọkọ̀ ojú irin ló gé ìka òun. A máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ìka mẹ́sàn-án ló fi ń fún wàrà báyìí, ó máa ń pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn màlúù kì í sì í dúró dè é.