Ọjọ́ Tí Omi Dé Ọ̀dọ̀ Káàdì Àwòrán

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi, òórùn gààrí tí aládùúgbò wa ń yan sì kún inú yàrá. Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé wa wà ní Ìdàáṣà. Ìwọ náà mọ bí àpáta ibẹ̀ ṣe máa ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, tí yóò wá máa dá ooru rẹ̀ padà fún wa títí di alẹ́. Nínú ooru yẹn ni mo ti ń bá ayàwòrán ilé kan ní Kútọnu ṣiṣẹ́: òun a fi pílánù ránṣẹ́, èmi a sọ ọ́ di àwòrán tí ènìyàn lè rò pé fọ́tò ni.

Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà náà, tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ni ìṣòro mi. Omi ti ń yí kiri nínú kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ láti tu ọpọlọ rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n fáànù lásán ló wà lórí káàdì. Bí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ náà á kú láàárín iṣẹ́. Ó ti sú bàbá mi.

"Ọjọ́ Ajé ni oníbàárà rẹ ń retí iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Bí nǹkan yẹn bá tún kú, o ń lọ bá àbúrò mi ní Kútọnu nìyẹn. Bírò tirẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tutù."

N kò fẹ́ lọ.

Mo yọ fáànù káàdì náà, mo nu ọ̀dà gbígbẹ tó ń gbé ooru jáde kúrò lójú rẹ̀, mo kun tuntun, mo sì de àwo bàbà tí omi yóò gba inú rẹ̀ kọjá mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, láti igun sí igun, kó má baà sán. Omi kànga wa kò ṣeé lò. Ẹfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ti tó ẹ̀rí fún mi. Mo bá lọ ra ìgò omi bátìrì kan lọ́dọ̀ Alájì tó ń ta bátìrì ọkọ̀ lẹ́bàá títì.

"Ọkọ̀ wo lo rà?" ni wọ́n bi mí.

"Kì í ṣe ọkọ̀, Alájì. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bu omi fún."

"Ó ti ń mu omi? Rọra o, lọ́la á béèrè koríko!"

Nígbà tí mo délé, mo fi díẹ̀ ṣan àwọn rọ́bà tí omi yóò gbà, mo sì lọ fọwọ́. Nígbà tí mo padà, ìgò náà kún ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Omi kì í ṣàdédé pọ̀ sí i. Ìyá mi ló dúró tì í, wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú.

"Màmá, kí lẹ bù sí i?"

"Omi mímọ́ tí mo gbé bọ̀ láti ihò àpáta Màríà ni. Nǹkan tó ń gbóná tó báyìí, ṣé a ó kàn máa wò ó ni?"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣùgbọ́n fadá wa máa ń fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ á jẹ bàbà inú rẹ̀."

"Iyọ̀ tí fadá gbàdúrà sí ló ń ba nǹkan jẹ́?"

"Bàbà kò mọ èyí tí wọ́n gbàdúrà sí, Màmá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Ṣáà má dà á sí gọ́tà o." Irú omi bẹ́ẹ̀, a kì í dà á nù bí omi àwo. Àwa méjèèjì jọ rọra dà á sí ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé, àdúrà ń lọ lẹ́nu wọn. Mo padà sọ́dọ̀ Alájì.

"Ó ti mu tòwúrọ̀ tán?" ni wọ́n bi mí, wọ́n sì ta ìgò mìíràn fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo so àwọn rọ́bà mọ́ àwo bàbà náà, mo bu omi sí i. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí pọ́ǹpù nìkan ṣiṣẹ́, mo tẹ́ bébà sábẹ́ gbogbo oríkèé rọ́bà. Ìhó omi sáré gba inú káàdì kọjá lọ sí radiatọ̀ tó ń tu omi náà lára, wọ́n dínkù, wọ́n tán. Omi kankan kò jò sórí bébà. Mo tan ẹ̀rọ, mo sì gbé àwòrán tó wúwo jù lé e lórí.

Ní ọ̀sán gangan, bàbá mi yọjú. Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ó tún ti kú, àbí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá." Mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n: méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Àwòrán kìíní parí níṣojú wọn, èkejì tẹ̀ lé e. N kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ìyá mi ló bá mi pariwo ayọ̀. Bàbá mi jáde lọ síta, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Má retí ọmọ náà mọ́. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́."

N kò lè sọ pé mo ṣẹ́gun oòrùn Ìdàáṣà. Ọ̀sán kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, mo gbà pé ìlú tó tutù ju tiwa lọ ló ni irú iṣẹ́ mi, pé bó pẹ́ bó yá, n ó kó ẹrù mi tọ̀ ọ́ lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ooru ilé wa ní ìwọ̀n, ohun tó bá sì ní ìwọ̀n, èèyàn lè jókòó wá ọ̀nà sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo fi àwòrán tó kẹ́yìn ránṣẹ́, mo sì wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò kọjá ọgọ́ta.