Ẹnu Ọ̀nà Ta Ni Okùn Kànga Wà?

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi lé obìnrin kan kúrò ní Bè-Kpota, àdúgbò tí mo dàgbà sí, tí wọ́n sì sọ ọ́ di apànìyàn. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ tí mo kọ ló tú àṣírí náà fún mi. Kì í sì í ṣe ìgbà tí mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá sílé mi, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Màmá, mo ti kọ ìwé mi tán, kí ló kù kí n ṣe?", ìdáhùn mi rèé. Mi ò ní òmíràn. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ rí mọ òfin mi: mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí mi ò bá tíì bi ẹni méjì tó ṣojú wọn. Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, màá bi awakọ̀, màá tún bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ igi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo ní kí n kọ ìtàn agbo ilé tí mo dàgbà sí, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní ó ṣojú mi kòró, èmi fúnra mi ni ẹlẹ́rìí. Àṣìṣe tí mi ò jẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, èmi àgbà ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé agbo ilé náà. Ẹ̀yà Mina, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni onílé wa, ìdílé mẹ́rin ló sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa tí òbí wa wá láti Nàìjíríà la pọ̀ jù, ọmọ márùn-ún, bàbá àti ìyá, nínú yàrá méjì. Obìnrin aránṣọ kan tó wá láti Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ló ń gbé ní òdìkejì wa. Mùsùlùmí ni, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun nìkan ló sì wà nínú yàrá rẹ̀. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan tó máa ń wá kí i. Ó máa ń fún àwa ọmọbìnrin ní àjákù aṣọ kí á fi ṣe ọmọláńgidi.

Kànga kan ṣoṣo ló wà láàrin agbo ilé, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbà á tọ́jú. Ìdílé tó bá kàn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni okùn àti garawa máa ń wà títí ọ̀sẹ̀ náà á fi parí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ fa omi ti máa tọrọ okùn. Òun náà ló máa rí i pé wọ́n dá ìdérí páànù padà sórí kànga, kí wọ́n sì gbé òkúta lé e, nítorí àwọn ọmọdé. Kò sí ìwé kankan, wọn kò sì kọ orúkọ sára ògiri. Ẹni tí okùn bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni alágbàtọ́ kànga, ó tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ onílé, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ta, já sínú kànga tí kò ní ìdérí. Ìyá mi ló kọ́kọ́ figbe ta. Àwọn ọkùnrin sáré wọ agbo ilé, wọ́n ń wá okùn, ẹnu ọ̀nà aránṣọ ni wọ́n sì ti rí i. Wọ́n fi sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Mo rántí pé bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti dájọ́ lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Tógbè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin náà sọ sí títì, orí ẹ̀rọ náà ṣẹ́. Tógbè ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àdúgbò náà mọ́ láyé rẹ̀.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Nínú ìwé mi, aránṣọ náà ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣeré nínú yàrá nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń kú. Mo kọ ọ́ dáadáa, èmi fúnra mi sunkún sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìtẹ̀wé ń pè mí lójoojúmọ́ pé, "Màmá, ẹ mú un wá bó ṣe wà, a ó tún ìyókù ṣe." Mo ní rárá. Mo tì í mọ́ àpótí, mo kó aṣọ lé e, mo sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé tán, etí rẹ̀ ṣì kún fún ohùn ara rẹ̀, kò lè gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí n kà á sókè sí i létí. Ẹ má ka ìwé yín fún ẹni tó máa yìn yín. Ẹ̀gbọ́n mi kò yin ẹnikẹ́ni rí. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, Bè-Kpota náà ló ṣì ń gbé, ìrẹsì ló sì ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí mo dé.

"Ìwọ akọ̀ròyìn, ṣé gbogbo ẹrù yìí lo fẹ́ kà tán lónìí? Jẹ́ kí n gbé ìrọ̀rí mi sítòsí."

Mo ń kà á lọ. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí bàbá wa ti ń bá ewúrẹ́ onílé jà lórí ṣòkòtò rẹ̀. Ó bú mi níbi tí mo ti pe òun ní arẹwà. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́wọ́ sókè lójijì.

"Padà sẹ́yìn. Kí lo pè níbẹ̀ yẹn?"

Mo padà kà á: ìyá mi gbé okùn àti garawa lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, kí n má sáré, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nínú ìwé mi, alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo fi í sí, ìgbà tí ìdílé kan máa ń gbé okùn fún òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé alẹ́ Sátidé ni?"

"Mo rántí ni."

"O ò rántí nǹkan kan. Ọ̀sán ni. Ọmọ náà ti wà nínú kànga."

Mo mú gègé mi, mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó sọ rèé, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ọ̀sẹ̀ tiwa ni. Màámi ló fa omi kẹ́yìn. Ẹ̀wà ń jóná, ó sáré wọlé, kò dé kànga padà. A gbọ́ ìró kan. Ó jáde lọ wò. Nígbà tó padà wọlé, kò pariwo. Ó kọ́kọ́ wá okùn, ó gbé e fún ọ. Ìgbà tí o padà dé tán ló tó figbe ta."

Mo bi í bóyá ọmọ náà ṣì wà láàyè ní gbogbo àkókò yẹn.

"Má bi mí níyẹn."

Mo tún bi í. Iṣẹ́ mi ni.

"Ó ń fọwọ́ lu omi," ló wí. "Mo gbọ́ ọ."

Ó tún gbé abọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣa ìrẹsì kankan mọ́. Ó ní onílé ìbá lé àwa méjèèje síta lọ́jọ́ náà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Màámi kò jẹ ẹ̀wà mọ́ títí ó fi kú. Ó ní kí n fa ojú ìwé náà ya.

"Ìwé àròsọ lo pè é. Rò ó! Sọ pé ewúrẹ́ ló ṣí kànga."

Mo bi í bóyá aránṣọ náà ṣì wà láyé. "Ó wà ní Tokoin, lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá, lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rí i lọ́jà nígbà kan. Mo gba ọ̀nà mìíràn."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun sẹ́míjàn lọ sí Tokoin. Mo ní kí ẹni tó ń wa alùpùpù náà rọra, nítorí mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Orí ẹní ni mo bá ìyá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, èémí rẹ̀ kò sì délẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn. Ìwọ tí wọ́n gbé gun orí àga. O ti sanra o."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó wá sọ fún mi.

"Lọ́dọ̀ Tógbè, mo ní ọ̀sẹ̀ tèmi kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́. Tógbè ní kí wọ́n mú ọmọdé kan wá, pé ọmọdé ò mọ irọ́ pípa. Wọ́n gbé ọ gun orí àga kí gbogbo èèyàn lè rí ọ. Wọ́n ní, 'Níbo ni okùn wà?' O ní, 'Ẹnu ọ̀nà Àǹtí Aránṣọ.' Wọ́n fún ọ ní bisikíìtì. Òótọ́ lo sọ, ìyẹn ló dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé ta ló gbé e síbẹ̀."

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo wà nídìí ẹ̀rọ mi, mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Garawa náà fẹ́ẹ̀ ga jù ọ́ lọ. Mo ní kí n dìde wá ràn ọ́ lọ́wọ́, mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọwọ́ aṣọ kan. Mo sọ ọ́ fún Tógbè. Wọ́n ní ojú ò tì mí, mò ń ti ẹ̀bi sọ́rùn ọmọ kékeré."

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní òun kò lè fẹ́ ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Kò bímọ. Kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn ilé iṣẹ́ ní Zone franche, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, ó ríṣẹ́ níbẹ̀, ó ń gé òwú tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn rán, títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ó sọ gbogbo ìyẹn bí ẹni ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ lánàá.

Mo sọ fún un pé mo ti kọ ìwé kan, pé ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ kò dára, pé màá tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo gbé nǹkan wá fún un.

"Ìwé? Àwọn tó lé mi, ta ló kàwé nínú wọn? Ẹnu ni wọ́n fi lé mi. Padà sí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí o lọ sọ ọ́ parí."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo, ẹ̀yin fúnra yín, ló wà lọ́wọ́ yín, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ bi í. Ibi tó bá ti kọ ọ́ geere jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí kànga yẹn, omi ẹ̀rọ ló ń yọ nínú agbo ilé, wọ́n sì ti tẹ́ táìlì sí ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí lọ́jọ́ náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Bè-Kpota lónìí, ogún èèyàn á ti yọ fóònù kí ẹni tó ṣubú tó délẹ̀. Láyé ìgbà tiwa, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, tí ọmọdé sì gbè é, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn fídíò yẹn náà. Ibi tí okùn wà ni gbogbo wọn ń yà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Tógbè, kí n má wá síbi ìsìnkú òun. Mo lọ. Tógbè òde òní jẹ́ ọmọ ọmọ ti ìgbà yẹn, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ó gbọ́ mi dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Màmá," ló wí, "ẹjọ́ tí bàbá bàbá mi dá kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu ló wà. Ẹnu náà la ó fi tú u."

Ó ní òun máa pe ìdílé onílé àti ìdílé wa jọ sí àgbàlá òun ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Akéde á lu agogo káàkiri àdúgbò ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Èdè Mina ni mo máa sọ, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Faransé, ìyá aránṣọ sì máa wà níbẹ̀ láti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Àbúrò ọmọ tó kú, tó ti di onílé báyìí, ló máa sọ ohun tí ìdílé rẹ̀ bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, òun Tógbè kò lè sọ bó ṣe máa tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, wọ́n á ká ìdájọ́ náà kúrò lọ́rùn obìnrin náà. Títí di ìgbà náà, ìwé mi kò gbọdọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé. Bí ìyá náà bá sì kú kí ọjọ́ tó pé, kò ní sí ìpàdé, nítorí wọn kì í tún ẹjọ́ dá fún ẹni tí kò lè jókòó gbọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí pé wọ́n ti gbé e wọ ilé ìwòsàn. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo sáré lọ bá Tógbè pé kó fa ìpàdé náà sí iwájú. Ó ní òkú kan wà nílẹ̀ fún ìdílé onílé ní ìlú Kpalimé, wọn kò lè dé kí ọjọ́ náà tó pé, ọjọ́ kò sì ní yẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ìyá náà kó gbìyànjú.