Iyanrìn Àgbàlá Unnikkannan

Ní Thekkumuri, abúlé kan ní ilẹ̀ Kerala, bí ọmọdé bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "Ó dáa náà, jẹ́ kí Sankunni dé." Orúkọ bàbá yìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba olè, bẹ́ẹ̀ bàbá ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò ju igi ìṣáná lọ. Egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà, eyín iwájú rẹ̀ sì ti lọ tipẹ́. Ohun tó ṣì wúwo lára rẹ̀ kò ju kọ́kọ́rọ́ irin tó so mọ́ ìbàdí, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìṣúra tẹ́ńpìlì.

Ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ náà láti ayébáyé. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún níbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló ti gbà á, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni yóò sì gbé e fún. Jayarajan ni ọmọ náà ń jẹ́. Ìyá rẹ̀, Madhavi, di opó nígbà tí ọmọ ṣì ń rá kòrò, Sankunni ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ti di géńdé báyìí, ó ń ta fóònù ní ìlú Tirur.

Ẹni tó ni ìṣúra ọ̀hún ni Unnikkannan, òrìṣà inú tẹ́ńpìlì. Ọmọ jòjòló ni. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, wọ́n ń fún un ní wàrà àti bọ́tà, wọ́n sì ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Òfin ilẹ̀ wọn pàápàá fara mọ́ ọn: òrìṣà lè ní ilẹ̀, ó lè ní wúrà, ó tiẹ̀ lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé tí kò ní dàgbà láé ni, àfi kí àgbà máa bá a tọ́jú ohun ìní rẹ̀. Tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, títí kan iyanrìn ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń jáde fi gbọ́dọ̀ dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, kó gbọn ẹsẹ̀ kan, kó gbọn èkejì, kó tú etí aṣọ ìbàdí rẹ̀, kó gbọ̀n ọ́n náà. Kí á má bàa rí ẹni tó jí ohun ọmọ aláìlẹ́nu gbé.

Ọ̀ràn dé nígbà tí Velayudhan, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó ní ìdílé Sankunni ti jẹ nínú wúrà ọmọ náà. Adájọ́ ní kí wọ́n ṣí yàrá náà lójú gbogbo ayé: bí ohun kan bá dín nínú ohun ọ̀ṣọ́ òrìṣà, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìdílé náà títí ayé, bó bá pé, kí kọ́kọ́rọ́ máa wà níbi tó wà.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, Jayarajan ti Tirur dé. Wọ́n jọ ń mu kanji, omi ìrẹsì gbígbóná, òjò ń lu òrùlé.

"Bàbá, ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀," ló wí. "Tí wọ́n bá rí i pé kò pé, wọ́n á kó wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá rí i pé ó pé, wọ́n á ní ilẹ̀kùn ti jẹrà, wọ́n á kó o lọ sí báńkì ìlú ńlá. Kí ló máa wá kù fún wa?"

"Fún ta ni?"

"Fún àwa náà. Àwa tá a ti ń ṣọ́ ọ."

Sankunni gbé abọ́ kalẹ̀. "Ajá tó ń ṣọ́ ilé, ṣé òun ló nilé?"

"Ẹ ti ń fi wá wé ajá báyìí?"

Madhavi ní kí àwọn méjèèjì jẹun kó má tutù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó yẹ kí bàbá náà ti gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni a fẹ́ràn, etí wa kì í tètè gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé ti dúró sínú òjò. Àwọn ọlọ́pàá na okùn láti dá èrò dúró. Ìyáàfin Sumangala, tí ilé ẹjọ́ rán wá, fi aṣọ borí, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Velayudhan dúró ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Kaimal," ó pe Sankunni ní orúkọ ìdílé, ó ń rẹ́rìn-ín, "wọ́n ní ejò ńlá kan ló ń ṣọ́ inú ibẹ̀. Ṣé ẹ ti fún un ní oúnjẹ àárọ̀?"

"Mo ní kó dúró dè ọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Kò yí. Ó tún gbìyànjú, kò yí. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lẹ́yìn okùn, ẹnì kan ní wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Jayarajan wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ yí i, irin ké, ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n gbé àpótí jáde sínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà abúlé jókòó yí i ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ti rí ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn lára òrìṣà lọ́jọ́ àjọ̀dún láti kékeré, kò sẹ́ni tó lè pa irọ́ fún wọn. Adé wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wà. Fèrè wúrà wà. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ méjì, kékeré bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú agogo wẹ́wẹ́ wọn. Sankunni ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí àgbà tó kẹ́yìn fi mi orí sí i.

"Ó pé," ni wọ́n wí.

Sumangala yíjú sí i. "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tán."

Velayudhan ń wo ilẹ̀. Jayarajan àti àlùfáà tẹ́ńpìlì kó nǹkan padà sínú àpótí, wọ́n gbé e wọlé, Sankunni sì ti ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, orúkọ ọ̀hún ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà yẹn.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà. Sumangala gbọn ẹsẹ̀, ó jáde. Àwọn àgbà gbọn ẹsẹ̀, wọ́n tú etí aṣọ, wọ́n jáde. Velayudhan gbọn tirẹ̀ kárakára bí ẹni ń bínú. Jayarajan dé orí òkúta. Iyanrìn òjò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí dé kókósẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó ń rìn lọ, ọwọ́ kan lé ìbàdí.

Kò sẹ́lòmíì tó rí i. Gbogbo wọn ń wá agbòjò wọn kiri.

Sankunni ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n rìn ni wọ́n ti kọ́ ọ láti gbọn ẹsẹ̀; ó ń gbọ̀n ọ́n kó tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbàgbé. Ẹni tí kò fẹ́ gbọn aṣọ nìkan ni kì í dúró. Bí bàbá náà bá dákẹ́, wọ́n lè jọ sọ ọ́ nílé, kó gba nǹkan náà, kó dá a padà ní bòókẹ́lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ á wà nílé. Ta ni yóò mọ̀? Ó ro gbogbo èyí. Jayarajan tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

"Jayarajan," ó pè é, "o ò gbọn iyanrìn."

Gbogbo ènìyàn yíjú. Ọmọkùnrin náà dúró.

"Bàbá, òjò ń rọ̀."

"Padà wá gbọ̀n ọ́n."

Ó padà. Ó gbọn ẹsẹ̀ kan, ó gbọn èkejì, ó wá dúró, ó ń wo bàbá rẹ̀ lójú. Ẹ̀bẹ̀ wà nínú ojú yẹn. Sankunni nawọ́, òun fúnra rẹ̀ tú etí aṣọ ìbàdí ọmọ náà. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ kan já bọ́ sórí òkúta, agogo wẹ́wẹ́ rẹ̀ dún.

"Mi ò ní tà á," Jayarajan sọ. "Bàbá, mo búra, mi ò ní tà á. Wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ní kí ẹyọ kan ṣáà wà lọ́dọ̀ wa."

"Ta ni àwa?"

 Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀gbà ẹsẹ̀ náà, ó nù ún lára aṣọ ara rẹ̀. Ó wá tú kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí, ó sì pa méjèèjì pọ̀ sọ́wọ́ Sumangala.

"Ilé wa ò lè ṣọ́ ọ mọ́," ló wí.

Sumangala gba méjèèjì. Velayudhan tó ti ń gbàdúrà kí ọjọ́ yìí dé, òun ló ṣí agbòjò, tó nà án bo bàbá náà lórí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sìn yín délé. Ilẹ̀ ń yọ̀."

"Dúró ná."

Sankunni gun orí òkúta. Ó gbọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbọn ti òsì. Ó tú etí aṣọ ìbàdí rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí, ó tún gbọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀.