Kámẹ́rà Tí Mo Sá Sóòrùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dùn tó. Ọdún kejì ní girama ni mo ti kúrò nílé ìwé. Láti ìgbà náà, mi ò kọ ohun tó gùn ju orúkọ oníbàárà lọ, èyí tí à ń so mọ́ aṣọ ní ilé alágbàfọ̀ tí mo ti ń lọ aṣọ ní Bódìjà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ ni màá ṣe kọ ọ́.

Mo rántí òórùn kámẹ́rà náà kí n tó rántí bó ṣe rí. Ó ń rùn bí àpótí aṣọ tí òjò wọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi ṣe fíríídọ́ọ̀mù iṣẹ́ irun ṣíṣe ní Òkè-Àdó. Bàbá onífọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò náà ló wá ya fọ́tò. Mo rántí aṣọ funfun tí ìyá mi wọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó kọ yẹ̀rì sójú mi, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi gan-an kò sí nínú ohun tí mo rántí. Bàbá náà ní kí wọ́n ní sùúrù, pé fíìmù òun kò tíì tán, torí onífọ́tò ìgbà náà kì í fọ fíìmù tí kò bá tán. Kí fíìmù tó tán, kámẹ́rà kú, rọpárọsẹ̀ sì dá bàbá náà dùbúlẹ̀. Ọdún yẹn kò tíì parí tí ìyá mi fi kú.

Ìyá tó bí i ṣì wà láyé, nítorí náà òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ jáde, kí ìyá arúgbó má baà máa rí ojú ọmọ tó yẹ kó sin òun. Wọ́n dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló mú mi lọ sí Àgbówó, ó sì tọ́ mi dàgbà. A kì í dárúkọ ìyá mi nínú ilé. Èmi náà kì í béèrè.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lásìkò ọyẹ́, ọ̀gá mi rán mi gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Òkè-Àdó, mo sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò náà kọjá. Bàbá ti kú. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń tà á. Bí mo ṣe mú kámẹ́rà náà lọ́wọ́, màmá yìí ní, “Fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀ o. Fíríídọ́ọ̀mù onírun kan wà níbẹ̀ tí Bàbá ò rí fọ̀. Ó máa ń dùn wọ́n.”

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ìyá mi ni onírun náà. Màmá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, omi sì ti ń dé ojú mi. Mo sanwó, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sáré lọ. Ohun tó fẹ́ sọ kù sí i lẹ́nu. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi, kí n béèrè ọ̀nà, màá kúkú ṣìnà jẹ́ẹ́.

Nígbà tí mo tẹ kámẹ́rà náà, kò dún. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n ń yí i kiri, wọ́n ń wá ojú ihò tí wọ́n máa ki ṣájà bọ̀. Ọ̀kan bi mí bóyá ìyá mi àgbà ló fi í sílẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí ogún, ni àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e padà sílé.

Mo rò pé omi ló wọ̀ ọ́. Nílé wa, ohunkóhun tó bá rin tàbí tó bu, oòrùn ni oògùn rẹ̀: ìrọ̀rí, bàtà, títí kan fóònù tó já sómi. Lọ́jọ́ náà, Àǹtí ti sá ẹ̀wà tí kòkòrò wọ̀ sórí àtẹ níwájú ilé. Mo wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà náà, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn, mo sì rí fíìmù nínú rẹ̀, ó ń dán. Inú mi dùn. Mo kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn. Mo jókòó tì í kí adìẹ má baà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí oòrùn yí, mo yí i pẹ̀lú. Nírọ̀lẹ́, mo pa á dé, mo fi aṣọ mímọ́ wé e.

Ẹni tó wá tún un ṣe ni bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tú ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ti jẹrà, ó ti hu nǹkan funfun àti àwọ̀ ewé. Ó ti òwú bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi nù ún, ó rọra ha á, ó wá ki bátìrì aago méjì bọ̀ ọ́.

“Àbúrò, kámẹ́rà yìí ò kú,” ló wí. “Ebi ló ń pa á.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún kàà. Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín Dùgbẹ̀, èmi tí wọ́n kì í gbọ́ ohùn mi.

Wọ́n júwe àgbà onífọ́tò kan fún mi ní Challenge tó ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà rí.

“Bẹ́ẹ̀ ni sà, èmi ni,” mo dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú. “Mo sá a sóòrùn dáadáa. Ó ti gbẹ.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀ bá rí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á jẹ àwòrán inú rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ó wọ inú òkùnkùn lọ, ó gé e, ó fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mo gbé fíìmù náà sójú fèrèsé. Ó dúdú bí èédú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wá ojú ìyá mi nínú rẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí.

“Èyí tí wọ́n ti yà ló jó, ọmọ mi,” bàbá wí. “Èyí tí wọn ò tíì yà wà nínú agolo rẹ̀. Ìyẹn ò rí oòrùn.” Ó tò ó padà sínú kámẹ́rà fún mi.

Nínú takisí, mi ò lè sunkún. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú un. Ta ló tún lè fẹ̀sọ̀ mú nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn ará ilé wa fi iná sun ojú ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, èmi náà fi oòrùn sun ún lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọdún mẹ́ta rèé, fíìmù dúdú náà ṣì wà nínú Bíbélì mi. Bí mo bá ń lọ aṣọ funfun, mo máa ń dúró díẹ̀, bóyá ojú náà á yọ sí mi. Kò yọ rí. Mi ò retí i mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti Challenge dé, Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà kan náà. Mo gbé àpótí ìjókòó mi síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo gbé kámẹ́rà lé itan. Mo ní, “Àǹtí, báwo lojú màmá mi ṣe rí?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ẹ̀wà. Ó gbójú sókè wò mí. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu, mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ̀ ẹ́, kí ojú tirẹ̀ má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bíi ti àbúrò rẹ̀.