Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tí Kò Dán

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mò ń ṣe ní Sokodé. Ilé onílé ni mo ń kùn. Èmi fúnra mi háyà yàrá kan ní àdúgbò Komah, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ohun kan náà ni àwọn onílé máa ń béèrè lọ́wọ́ mi: kó dán. Kí ògiri dán, kí ilẹ̀ dán, kí ọwọ́ ilẹ̀kùn máa kọ mànà débi pé ẹni tó ń kọjá ní títì á yíjú wò ó. Mo máa ń ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, ilé wọn ṣáà ni. Àmọ́ nígbà tó kan ilé tí mo ń kọ́ fún ìyá mi ní Kambolé, mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan tó ń dán.

Ojú ìyá mi ló fà á. Kò fọ́ o. Ó ṣì ń rí ewúrẹ́ tó bá fẹ́ fẹnu kan àgbàdo rẹ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti lè ta sára nǹkan dídán, á gún un lójú bí ata. Nígbà kan, a jọ lọ kí ìbátan wa kan ní Tchamba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, omi ti dà sílẹ̀ yín o!" Kò sí omi kankan níbẹ̀, ilẹ̀ tó ń dán lásán ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ kó fi di ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ ilẹ̀kùn náà tún tàn sí i lójú, ó sì gbé ojú kúrò. Ojú tì í, inú bí mi. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó sọ fún mi pé, "Bí èyí tí o ń kọ́ fún mi bá máa rí báyìí, fi mí sílẹ̀ sínú yàrá mi."

Yàrá ọ̀hún gan-an ni ìdààmú mi. Ilé amọ̀ ni, bàbá mi ló mọ ọ́n kó tó kú. Òjò tó kọjá ti la ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi sì ń wọ inú sísán náà. Kò lè rí òpin òjò mìíràn. Mo bẹ ìyá mi títí pé kó jáde, á ní òun ti gbọ́, kò sì ní í kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí òjò bá ti ṣú ní Sokodé, n ó dáwọ́ ọ̀dà dúró, n ó máa ro ògiri yẹn.

Mo wá fi sùúrù yan gbogbo nǹkan. Ọ̀dà ògiri, mo pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí ti ẹlùbọ́ iṣu, tí kò dán rárá. Sìmẹ́ńtì ni mo fi ṣe ilẹ̀, a kàn fọwọ́ pa á kó jọ̀lọ̀. Ó wá ku ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ní ọjà Sokodé, ẹni tó ń tà á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

"Patron, mat kẹ̀, èyí tí kò dán? Fún màmá rẹ? Àwọn èèyàn á ní ó ti dípẹtà. Gba doré, èyí tó ń dán bíi wúrà."

"Àwọn èèyàn kọ́ ló máa gbénú ẹ̀."

Mo di ojú níwájú rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tí kò dán kọ́ ló dọ́gba. Òmíràn rí ṣákaṣàka, ekuru ọyẹ́ á máa há sí i lára. Òmíràn ń yọ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá kò ní í lè dì í mú. Èyí tí mo mú dúdú, ara rẹ̀ dà bí ara igbá gbígbẹ. Inú mi dùn débi pé mo gbé gbogbo èyí tí mo rà sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ títí dé Kambolé. Káfíńtà kàn wọ́n mọ́ àwọn ilẹ̀kùn, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. A fi ìkólọ ìyá mi sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Nílé wa, kí ìyàwó tuntun tó wọlé, àwọn ìyàwó ilé á gbé ìkòkò àti abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á fi eérú àti iyanrìn bó wọn títí wọ́n á fi funfun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ fún un pé ó ti di ara wọn. Ẹni tó bá ń kó lọ sílé tuntun náà, wọ́n á ṣe é fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n á dé ìdí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo dé ní Jímọ́ọ̀, oòrùn ti ń ta sí iwájú ilé, gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn ń kọ mànà. Dúdú wọn ti bọ́, irin funfun ti yọ síta.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ìyáálé ilé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jáde pẹ̀lú eérú dé ìgúnpá. "Àwa ni. Ìpẹtà ti bò wọ́n, ọmọ mi. Ìwọ ò rí i, a bá ọ bó wọn."

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti la ẹnu láti jù ú sílẹ̀. Mo ní wọ́n ti ba iṣẹ́ mi jẹ́, mo ní kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Ariwo mi ló mú ìyá mi jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ó ń bọ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú bó ṣe ṣe ní Tchamba.

"Ìyá, ẹ má wò ó. N ó pààrọ̀ wọn."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n fi eérú bó ọwọ́ ilẹ̀kùn yín."

Ó dúró. "Ta ló bó o?"

"Èmi ni," ni ìyáálé wí.

Ìyá mi yíjú sí i. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo dé láti Goubi, tí bàbá àwọn ọmọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń gbé ìyàwó bọ̀, èmi nìkan ni mo bó ìkòkò mi."

"Mo mọ̀," ni ìyáálé dáhùn, ó ń wo ilẹ̀. "Ìyẹn ni mi ò ṣe fi ìkankan sílẹ̀ lónìí."

Ìyá mi di ojú, ó na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ògiri àtijọ́ yẹn wó kí òjò tó dá, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Títí di òní, bí ìyá mi bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, á kọ́kọ́ di ojú. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a kùn wọ́n ní dúdú padà. Ó ní kí n máa gbé ọ̀dà mi lọ sí Sokodé.