Ọjọ́ Tí Rìsíkà Ya Ojú Sàlámátù

Ọjọ́ tí mo wá ojú Sàlámátù, ọmọ mi tó kú, dé àdúgbò Tanke ni n kò lè gbàgbé. Ilé àáfà ni ilé wa, a kì í ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ sì ti ń parẹ́ lọ́kàn mi.

Rìsíkà ayàwòrán fi pẹ́ńsù ya ohun tí mo júwe, ó ń fi rọ́bà pa á rẹ́ títí bébà fi fàya. Ó bọ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó fi ń yàwòrán, kò jọ ọ́ síbẹ̀.

"Bàbá, ta ló jọ nílé?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò bá ti sọ láti àárọ̀. Ẹ gbójú sókè."

Ó ya èmi, ó yọ irùngbọ̀n mi kúrò nínú àwòrán náà, ó fi ìborùn sí i. Omi bọ́ lójú mi. "Sàlámátù rèé."

Mo gbé e délé fún Àsíátù, ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Bàbá Sàlámátù, ẹ̀yin mà rèé."

Ìgbà náà ló yé mi pé n kò rántí ojú ọmọ mi mọ́.